Ìwé Ìṣirò Tí Mo Fi Ìwé Ìròyìn Yín Bò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, láti ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi mú bírò. Ẹni tó kọ ọ́ ń gba àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níyànjú pé kí wọ́n má wulẹ̀ fi ìṣirò da ara wọn láàmú, pé kọ̀ǹpútà ni yóò máa bá wọn ṣe é, pé ṣebí tìtorí ìṣirò gan-an ni wọ́n ṣe ṣe kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí púpọ̀. Èmi náà fi oṣù mẹ́ta gbáko gbà á gbọ́. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi han àwọn òǹkàwé yín.

Aránṣọ ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yí i sí 46 nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, màá sọ ọ́ tó bá yá.) Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ohun tó gbé mi lọ kò ju pé mo fẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí màá máa kó ìwọ̀n oníbàárà sí nínú, tí òun náà yóò sì máa ya bí màá ṣe gé aṣọ fún mi. Mo rò pé kóòdù kíkọ, ìyẹn kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé, ni gbogbo iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìṣirò ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Nínú ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tí a ṣe, 9 ni mo gbà nínú 40. Àwọn ọmọ tí a jọ wà ní kíláàsì, tí wọ́n ń pè mí ní Mọ́mì, sáré ká ìwé tiwọn kí n má baà rí máàkì wọn. Àánú yẹn dùn mí ju 9 náà lọ.

Ìbéèrè kan wà nínú ìdánwò ọ̀hún tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n kọ n + 4 sókè, wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ 4 sísàlẹ̀, wọ́n ní ká kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Èmi rí 4 lókè, mo rí 4 nísàlẹ̀, mo fa igi lé àwọn méjèèjì, mo kọ n sílẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá ìwé wa padà, mo ń gé bùláòsì kan. Àyà oníbàárà náà jẹ́ ínṣì 38. Gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe, mo fi ínṣì 4 kún un kí aṣọ má baà há, ó di 42. Mo pín in sí mẹ́rin, ó di 10 àti ààbọ̀. Àfi bí sísọ́ọ̀sì ṣe dúró lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè ìdánwò yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí! Obìnrin yìí ni n. Tó bá jẹ́ pé ohun tí mo kọ ní kíláàsì tọ̀nà ni, ìdá mẹ́rin àyà rẹ̀ ì bá jẹ́ ínṣì 38. Erin ni ì bá wọ bùláòsì náà.

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe ìṣirò yìí láìṣì í. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe bọ́ aṣọ kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà wọ̀ ọ́, mi ò dá a mọ̀ mọ́.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ mú ìwé ìṣirò ọlọ́dún kìíní ilé ẹ̀kọ́ girama, ojú ewé kẹta ni mo ti há. Mo sọ̀kalẹ̀ sí ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún kẹfà, ibẹ̀ náà ń yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ti ọlọ́dún kẹrin ni ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀. Ìwé tí àbíkẹ́yìn mi ti lò tì ni, àwòrán lábalábá wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí ojú àwọn ọmọṣẹ́ mi, mo ya ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn yín, mo fi bò ó. Ojú ewé eré ìdárayá ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ náà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá mi, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn bọ́ọ̀lù?" Mi ò dá a lóhùn.

Ohun tí mo bá nínú ìwé ọmọdé yẹn kì í ṣe ohun tí mo rò. Mo rò pé màá kàn rántí ohun tí mo ti gbàgbé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni mi ò mọ̀ láti ilẹ̀ wá. Mo kàn há a sórí fún ìdánwò ni, ìdánwò parí, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin, èló ni wọ́n tá a bá rò wọ́n pọ̀? Èmi ro òkè mọ́ òkè, mo ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, mo kọ 2/7. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa tó wá jókòó tì mí wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ìdá mẹ́ta bébà yìí fún mi. Ẹ wá pín bébà kejì sí méje, kí ẹ mú méjì níbẹ̀. Èwo ló tóbi nínú méjèèjì?" Mo gé e. Ìdá méjì nínú méje kéré sí ìdá mẹ́ta tí mo fi bẹ̀rẹ̀! Mo fi nǹkan kún nǹkan, ó wá dín. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ènìyàn lè fúnra rẹ̀ wo ìdáhùn kó sì mọ̀ pé irọ́ ni, kó tó dé iwájú olùkọ́ rárá. Ìdá méje nínú méjìlá ni ìdáhùn, ẹ sì lè gé bébà láti fi wádìí rẹ̀.

Ti àmì ọgbọọgba (=) ló yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo gbà pé àmì yẹn túmọ̀ sí "ìdáhùn rèé." Nígbà tí ìwé náà wá béèrè pé 8 + 4 = ? + 5, mo kọ 12 láìwo ẹ̀yìn. 7 ni. Ohun tó wà lápá òsì gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà lápá ọ̀tún dọ́gba, bí apá aṣọ méjì. Robert Recorde, onímọ̀ ìṣirò kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Wales, ló kọ́kọ́ lo àmì náà nínú ìwé kan tó jáde ní ọdún 1557. Ó ní kò sí ohun méjì tó lè dọ́gba ju ìlà méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ, òun sì nìyẹn, ìlà méjì. Bí ẹ kò bá mọ èyí, ẹ kò lè mọ ìdí tí kóòdù fi ń dani láàmú, torí nínú kóòdù, wọ́n lè kọ x = x + 1. Nínú ìṣirò, irọ́ gbáà ni, kò sí iye tó dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀ tá a bá ti fi 1 kún un. Nínú kóòdù, àṣẹ ni: mú ohun tó wà nínú àpótí tó ń jẹ́ x, fi 1 kún un, dá a padà síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èdè kóòdù, àmì méjì pọ̀, ==, ni wọ́n fi ń béèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń lo méjèèjì tipẹ́ láìbi ara wọn léèrè. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ̀kan láti inú ìwé ọlọ́dún kẹrin ni mo bèèrè, olùkọ́ sì fi odidi wákàtí kan dáhùn. Ọjọ́ yẹn, ó ṣe sùúrù.

Olùkọ́ yẹn náà ló ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé, "Ó yẹ kí ẹ ti mọ èyí kí ẹ tó wá síbí," nígbà tó fò láti ìlà kejì bọ́ sí ìlà karùn-ún lórí bóòdù, tí mo sì nawọ́ sókè. Mi ò bá a jà, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ mi ò tún nawọ́ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo gbọ́ pé láti inú ìwé kan tí onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820 ni orúkọ áljẹ́bírà, ìṣirò onílẹ́tà yẹn, ti wá. Al-jabr, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà nínú orúkọ ìwé náà, túmọ̀ sí dídá ohun tó já tàbí tó dín padà sípò. Láti ara orúkọ ọkùnrin náà sì ni wọ́n ti fa algorithm yọ, ìyẹn ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ṣe iṣẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará kọ̀ǹpútà kì í sọ kúrò lẹ́nu. Mo ní, áà, àtúnrán náà kọ́ nìyẹn?

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà yóò máa bá wa ṣe é. Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà ní èdè Python tàbí JavaScript pé kó ro 0.1 àti 0.2 pọ̀. Ohun tí yóò gbé jáde ni 0.30000000000000004. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé èmi ni mo ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn. 4 ìkẹyìn yẹn wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò mí. Ẹni tí kò bá mọ ìdá kò ní mọ ibi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi téèpù ọrùn mi ṣàlàyé. Bí àwọn ìlà inú ínṣì kan ṣe rí lórí téèpù mi nìyí: ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, ìdá mẹ́rìndínlógún. Ìdajì ìdajì ni gbogbo rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń pín nǹkan nìyẹn, torí òǹkà 0 àti 1 nìkan ló mọ̀. Wàyí o, ẹ wá ìdá mẹ́wàá ínṣì lórí téèpù náà. Ó kọjá ìlà ìdá mẹ́rìndínlógún, kò dé ìlà ìdá mẹ́jọ. Ẹ pín àárín àwọn méjèèjì sí méjì, kò bọ́ síbẹ̀. Ẹ tún un pín, ó tún yẹ̀. Bí ẹ bá ń pín in títí ọ̀run, ìlà kankan kò ní bọ́ sí orí ìdá mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Bí ìdá mẹ́ta ṣe ń ṣe wá náà nìyẹn tá a bá fẹ́ kọ ọ́ lọ́nà onímẹ́wàá: 0.3333, kò lópin. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà a gé e níbi tí àyè rẹ̀ bá mọ, a sì fi èyí tó súnmọ́ ọn jù ṣe é. Ìwọ̀nba tó gé náà ló yọjú ní ìparí òǹkà bí okùn tó yọ létí aṣọ. Ibi tí mo ti ń ka èyí ni mo ti bọ́ téèpù lọ́rùn, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo wò ó bí ẹni tó ń wo ìbátan tí kò mọ̀ pé òun ní.

Bí ẹnì kan bá sọ pé èyí kò tó ohun tí à ń pariwo lé, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dhahran, ní Saudi Arabia, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1991. Ẹ̀rọ Patriot tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń já ohun ìjà ọ̀tá lulẹ̀ lójú òfuurufú wà níbẹ̀. Ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni aago inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kà. Ìdá mẹ́wàá yẹn náà ni o! Wọ́n ti gé e kí ó lè wọ àyè tó wà fún un. Ohun tí wọ́n gé kò tó ohun tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 100 wákàtí láìsinmi, ohun tí wọ́n gé sì ń kó jọ. Nígbà tí yóò fi tó àkókò, aago náà ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀. Láàárín ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ohun ìjà Scud tí ọ̀tá jù ti rin ju 500 mítà lọ. Ẹ̀rọ náà ń wò ó níbi tí kò sí. Ọmọ ogun 28 ló kú. Kọ̀ǹpútà ló bá wọn ṣe ìṣirò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ orí mi. Ìṣòro ńlá tí mo ní ni ìyọkúrò tó wà nínú ìyọkúrò. Wọ́n ní kí n ṣe 60 − (10 − 4), mo kọ 46, wọ́n ní 54 ni. Wọ́n ní "òdì pàdé òdì, ó di rere." Mo há a sórí, kò wọ̀ mí lára. Ọjọ́ kan ni mo ń kọ ọjọ́ orí mi sínú fọ́ọ̀mù ní èdè Yorùbá, mo wá dá ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó dín mẹ́rin ní àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ dín mẹ́wàá ní ọgọ́ta. Ọgọ́ta fúnra rẹ̀ ni ogún mẹ́ta. 20 × 3 − 10 − 4. Ìṣirò ni mo ń sọ lẹ́nu látọjọ́ yìí tí mo bá ń ka ọdún mi! Mo wá bi ara mi pé, bí ẹnì kan bá ní kí n yọ "mẹ́wàá dín mẹ́rin" kúrò nínú ọgọ́ta ńkọ́? Mẹ́fà ló ní kí n yọ. Bí mo bá wá fi ìkánjú yọ mẹ́wàá, mo ti yọ jù, mo gbọ́dọ̀ dá mẹ́rin padà. Dídá padà yẹn ni "òdì pàdé òdì." Kò sí idán níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí àmì ìyọkúrò níwájú àkámọ́, mo máa ń fi ẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá kí n tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ tó jókòó tì mí ti mọ̀ mí mọ́ kíkùn náà.

Lógárídímù, tí mo sá fún lọ́mọ ọdún 16, kò tún ju kíká aṣọ sí méjì lọ. Bí ẹ bá ní orúkọ 1,000,000 tí ẹ tò létòlétò, tí ẹ ń ṣí àárín wò, tí ẹ ń ju ìdajì tí kò wúlò nù, kò ní ju ìgbà 20 lọ tí ẹ ó fi rí ẹni tí ẹ ń wá. Torí bí ẹ bá ń sọ 1 di ìlọ́po méjì nígbà 20, ó ti di 1,048,576. Iye ìgbà yẹn ni lógárídímù ń béèrè. Mo ṣì ń jà pẹ̀lú àwọn ìyókù.

Bí mo ṣe ń ṣe é: ìdajì wákàtí láàárọ̀ kí àwọn ọmọṣẹ́ tó dé, pẹ̀lú bírò àti bébà. Mo kọ́kọ́ fi oṣù kan wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ inú fídíò ń ṣe é, èmi ń mi orí bí alángbá. Tí mo bá pa fóònù, tí mo mú bírò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi tí mo ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi lójoojúmọ́ pé wíwo ọwọ́ ọ̀gá kò rán aṣọ! Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ àṣìṣe mi sí nìkan, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo ṣe é. Mo ti kọ 7 × 8 sínú rẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án. 56 ni. Mo ti wá fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ kọ ọ́ sára ògiri.

Nínú ìdánwò tó kọjá, 27 ni mo gbà nínú 40. Ètò kọ̀ǹpútà mi ti ń ya iwájú àti ẹ̀yìn bùláòsì dáadáa. Ọwọ́ aṣọ ni kò tíì gbà, nítorí bó ṣe ṣẹ́ kọrọ níbi èjìká. Wọ́n ní ìṣirò mìíràn ló wà fún ìyẹn, ó sì ṣì ga lórí mi. Mo ń bọ̀ wá bá a.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àgbàlagbà ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, ẹ fún wọn ní ìbéèrè lórí ìdá, lórí iye òdì, lórí àmì ọgbọọgba. Ẹ má fún wọn ní máàkì kankan, kí ẹ kàn mọ ibi tí ilẹ̀ ti lu, kí àwọn náà sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mi ò fi nawọ́ yẹn, èmi nìkan kọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Mo mọ àgbàlagbà méjì míì ní kíláàsì kan náà tí wọn kò padà wá mọ́.

Èkejì, Olóòtú, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ẹ bá wa fi àyè kékeré kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ìṣirò fún àgbàlagbà, ní Yorùbá, ìbéèrè kan péré, kí ìdáhùn jáde ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú àlàyé ibi tí ènìyàn ti lè ṣì í. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdá. Bí ẹ kò bá ní ìbéèrè, mo ní ìwé àṣìṣe odindi kan tí mo lè fi ránṣẹ́. Bí àyè bá sì há, ẹ fi í sí ojú ewé eré ìdárayá. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọṣẹ́ mi ti rò pé mo ń kà tẹ́lẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Aránṣọ